Eré Ìje Òwúrọ̀ Sọ́ńdè

Òórùn bísíkíìtì ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, kí oòrùn tó yọ, iléeṣẹ́ bísíkíìtì tó wà lẹ́yìn àdúgbò Ọgbà á ti máa yan èyí tí wọ́n máa kó jáde ní Mọ́ńdè, òórùn ṣúgà àti bọ́tà á sì gba gbogbo ojú títì àwọn iléeṣẹ́ ládùúgbò wa kan. Láàárín ọ̀sẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lè gbádùn òórùn yẹn, nítorí àwọn tírélà á ti tò lọ súà, èéfín wọn á bo ohun gbogbo, àwọn awakọ̀ á sì máa bú ara wọn láti ojú fèrèsé. Ṣùgbọ́n tó bá di Sọ́ńdè, títì náà á ṣófo gbalaja, á gùn, á tẹ́jú, àfi bí ẹni pé wọ́n gbá a sílẹ̀ de àlejò. Ibẹ̀ ni mo ti di kóòṣì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi mí joyè.

Iléeṣẹ́ ọ̀dà kan ní Orégùn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, níbi tí a ti ń di ọ̀dà sínú ike, mo sì háyà yàrá kan ní Ìfàkọ̀-Ìjàyè. Mo ti sáré ìje rí nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, mo sì ti sọ ìtàn eré yẹn débi pé, bí mo bá ti ní, "Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì," àwọn ọ̀rẹ́ mi á ti máa wá bàtà wọn kiri. Kí n má parọ́, ipò kejì ni mo ṣe, àwa tí a wà nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà nìkan la sì mọ̀ pé eré kankan wáyé. Nígbà tí mo wá rí i pé síkẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ mi ò fẹ́ pàdé mọ́ níbàdí, mo ra bàtà eré kan nídìí òkìríkà, mo sì pinnu pé mo fẹ́ máa sáré ní àárọ̀ Sọ́ńdè.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo bọ́ sójú títì, àwọn ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ àárọ̀ ló rí mi. Àwọn kan dúró, wọ́n ń wo ẹ̀yìn mi bóyá wọ́n á rí ohun tí mo ń sá fún. Ọ̀kan nínú wọn figbe bọnu: "Àǹtí, ta ló ń lé yín?" Mo ní kò sẹ́ni tó ń lé mi, pé mo kàn ń sáré ni. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Bí wọ́n ṣe kó sílípáàsì wọn sọ́wọ́ nìyẹn, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sáré tẹ̀ lé mi. Mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn, mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀gá lẹ́nu eré sísá ni wọ́n ń bá ṣeré. Ibi tí mo ti ń mí hẹlẹhẹlẹ ni ọmọbìnrin kan ti gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ó wọ híjáàbù, abọ́ àkàrà gbígbóná wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi etí híjáàbù náà bo abọ́ kí àkàrà má bàa tutù. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà," bí ẹni tó ń kọjá níwájú ilé mi, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àkàrà kan ò jábọ́. Mo dúró, mo di orúnkún mi mú, àyà mi ń lù kìkì, kì í sì í ṣe tìtorí pé ó ti rẹ̀ mí nìkan. Inú mi ń dùn ṣìnkìn. Mo mọ̀ pé asáré gidi ló kọjá lára mi yẹn.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo ti ra fèrè, mo ti so ó mọ́ ọrùn, mo dé káàpù, mo sì ń rìn bí ẹni tí ìjọba rán níṣẹ́. Mo rò pé ó ṣeé ṣe kí n má bá ẹnì kankan níbẹ̀. Àfi bí mo ṣe débẹ̀ tí mo bá àwọn ọmọ, wọ́n tiẹ̀ tún ti kó àwọn mìíràn dání. Ọmọ àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ ládùúgbò ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn; láti ibi ìrun àsùbá ni wọ́n ti ń bọ̀ tààrà, ilé kéú sì ń dúró dè wọ́n. Ọmọ àwọn ará Aládùúrà ni ìyókù, tí ṣọ́ọ̀ṣì ń dúró de àwọn náà. Àárín ìrun àsùbá àti agogo ṣọ́ọ̀ṣì ni àkókò tiwa há sí, a ò sì jẹ́ kí ó ṣòfò. Kóòṣì ni wọ́n ń pè mí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè.

Ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan wà tí géètì rẹ̀ kọjú sí títì náà. Ìyá Àdúrà, obìnrin tó jẹ́ olórí àwọn ìyá níbẹ̀, jáde sí wa lọ́jọ́ kan nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó wò wá títí, ó ní kí ni à ń dúró sínú eruku fún tí ẹ̀rọ omi wà nínú ọgbà òun. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀ṣì la ti ń mu omi, ẹ̀bá ògiri ibẹ̀ làwọn ọmọ sì ń to bàtà wọn sí. Àwọn ọmọ Aládùúrà ti mọ́ ẹsẹ̀ lásán lára, nítorí wọn kì í wọ bàtà sí aṣọ àdúrà, àwọn ló sì kọ́ àwọn yòókù bí èèyàn ṣe ń tẹ ọ̀dà títì láìṣẹ́jú. Bí ẹ bá rí bàtà ọmọ mùsùlùmí àti ti ọmọ Aládùúrà tí wọ́n tò gẹ̀rẹ̀gẹ̀ lẹ́bàá ògiri yẹn, ẹ ò ní mọ tẹni kan yàtọ̀. Ìdọ̀tí kan náà ló wà lára gbogbo wọn.

Mo kọ́ wọn ní ohun tí mo mọ̀, mo sì fi ìgboyà kọ́ wọn ní ohun tí mi ò mọ̀. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ eré. Iléeṣẹ́ ike kan wà níbẹ̀ tí kì í sinmi ní Sọ́ńdè. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n á fọn fèrè ńlá láti fi sọ fún àwọn tó ṣiṣẹ́ òru pé kí wọ́n máa lọ sílé. Fèrè yẹn ni gbogbo àdúgbò fi ń jí, òun làwọn ìyá fi ń gbé omi ẹ̀kọ kaná. Èmi wá ní òun náà ni a ó máa fi sáré. Àwọn ọmọ á tò sórí ìlà tí mo fi ẹfun fà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò ní sí ẹni tó ń mira. Bí fèrè bá ti dún fóóóó, gìrìgìrì ẹsẹ̀ wọn á gba títì, àwọn òṣìṣẹ́ òru tó ń jáde bọ̀ á gbàgbé oorun, wọ́n á máa pariwo, "Yà á! Yà á sílẹ̀!" Ara mi á ya gágá. Èmi náà á máa sáré tẹ̀ lé wọn, káàpù mi á ṣí dànù, mi ò sì ní mọ̀. Ọmọbìnrin alábọ́ àkàrà yẹn, tí mo ń pè ní ọmọ aláàkàrà, ló máa ń wà níwájú ní gbogbo ìgbà, híjáàbù rẹ̀ á máa fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ìgbà tó wá di Sọ́ńdè kan, kò wá. Èkejì pé, kò wá. Mo béèrè, àwọn ọmọ ní bàbá rẹ̀ ní kó jókòó sílé. Mo wọ bùbá àti ìró, mo lọ bá bàbá náà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì-bítà ni wọ́n, wọ́n máa ń lu ara ọkọ̀ tó ti rún kí ó lè gún padà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, ènìyàn jẹ́jẹ́. Bí mo ṣe kúnlẹ̀, wọ́n sọ òòlù sílẹ̀.

"Ẹ dìde, tíṣà. Ẹ̀yin lẹ̀ ń kó wọn sáré?"

"Èmi ni, sà."

"Ẹ wò ó, mi ò bá yín jà o. Ọmọ mi ò jalè, ajá ò lé e. Kí ló wá ń sá fún? Wọ́n tún ní inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ̀ ń lò."

"Bàtà wọn nìkan ló ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì, sà. Àwọn fúnra wọn, ojú títì ni wọ́n wà."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu wọn, wọ́n gbé e mì. Wọ́n wá ṣàlàyé fún mi pé àbúrò wọn kan tó jẹ́ obìnrin ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní Agége, ó sì ti ní kí ọmọ náà máa wá kọ́ṣẹ́ ní gbogbo Sọ́ńdè. "Tó bá mọ aṣọ rán, ebi ò ní pa á. Eré sísá ńkọ́? Kí ni eré sísá máa ṣe fún un?"

Mo kàn sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ọgbà tó ní pápá gidi ti pe àwọn ẹgbẹ́ ọmọdé wá sí ìdíje, pé kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n wá fojú ara wọn rí ọmọ wọn. Wọ́n fi ọwọ́ pa ara ọkọ̀ tí wọ́n ń lù.

"Ó dáa. Màá wá lẹ́ẹ̀kan. Bí ohun tí mo rí níbẹ̀ bá yé mi, kó máa bá a lọ. Bí kò bá yé mi, Agége ló ń lọ ní Sọ́ńdè kejì, ẹ ò sì ní wá pè é mọ́. Ṣé a gbọ́ra wa yé?"

"A gbọ́ra wa yé, sà." Ẹnu mi yá jù. Kí n tó dé ìkóríta, ó ti ń ṣe mí bíi kí n padà lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún wa ní ìgbà méjì. Ọmọ náà sáré bá mi lẹ́yìn, ó ní, "Kóòṣì, kí ni màá sá?" Mo ní ìyípo pápá méjì ni. Ó ní ṣé ó jìnnà? Mo ní kò jìnnà tó ibi tó ti ń ra àkàrà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó ti tán.

Ọjọ́ ìdíje pé. Mo ti fi àṣẹ́kù ọ̀dà kọ nọ́ńbà sẹ́yìn ẹ̀wù gbogbo wọn, òórùn ọ̀dà náà ò sì tí ì lọ, ibi tí a bá dúró sí làwọn èèyàn ń yí imú kúrò. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ńláńlá wà níbẹ̀ pẹ̀lú bàtà tó ní irin lábẹ́. Ìyá Àdúrà tẹ̀ lé wa pẹ̀lú aṣọ funfun àti ẹsẹ̀ lásán. Bàbá ọmọ náà ti dé ṣáájú wa. Wọ́n wọ jálàbíà funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, wọ́n wá àga kan tó súnmọ́ ìlà, wọ́n jókòó, wọ́n ká apá mọ́ àyà, bí ẹni tó fẹ́ yẹ ọkọ̀ wò kó tó rà á.

Eré àwọn ọmọbìnrin ló ṣáájú. Mo ti fi tó ọmọ náà létí pé wọ́n máa fọn fèrè, pé bó bá ti gbọ́ fèrè kó má wo ẹ̀gbẹ́ kankan. Ó wà lórí ìlà pẹ̀lú ọmọ wa kan tó jẹ́ Aládùúrà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa bí mo ṣe kọ́ wọn. Bàbá àgbàlagbà kan tó dé fìlà pupa dúró sórí àpótí kan, ó na ọwọ́ sókè. Mo ń retí fèrè. Ohun tí a gbọ́ ni gbàù!

Ìbọn eré ni, kò ní ọta nínú, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ńlá sì ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò tiwa nígbà yẹn, ìbọn kì í dún fún eré. Ìgbà táwọn ọmọ ìta bá kọlu ara wọn ló ń dún, kí ọmọ sì tó mọ A, B, D ni ìyá rẹ̀ á ti kọ́ ọ pé tó bá gbọ́ ọ, kó má wòran, kó má sáré, kó dojúbolẹ̀ níbi tó bá wà. Àwọn ọmọ mi méjèèjì tó wà lórí ìlà dojúbolẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá dojúbolẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀yìn wọn kọjú sí òkè. Ìyá Àdúrà ní, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" ó sì wà nílẹ̀ gbalaja. Èmi kóòṣì, pẹ̀lú fèrè lọ́rùn, mo bá ara mi lẹ́yìn kúlà omi, mo fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. Mo yọjú wo ọ̀tún mi, kí ni mo rí? Bàbá ọmọ náà, jálàbíà funfun nínú iyanrìn, fìlà wọn ti yí lọ sábẹ́ àga.

Ẹ̀rín sọ lórí pápá yẹn. Àwọn tó kù ti sáré lọ, wọ́n ti fẹ́ débi tí pápá ti ṣẹ́ kọ́nà. Mo mọ̀ pé ó ti bà jẹ́. Ọmọ yìí ti ń lọ sí Agége, ẹ̀kan ṣoṣo tí a ní sì ti lọ sábẹ́ iyanrìn. Ìgbà náà ni mo rí i tó gbé orí sókè. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo ẹ̀yìn àwọn ọmọ tó ń sáré lọ. Ó wo bàbá rẹ̀ tó dojúbolẹ̀. Nǹkan kan yé e. Ó dìde, kò gbọn iyanrìn, ó sì gbéra.

Mo ti rí eré sísá ṣáájú ìgbà yẹn, mo sì ti rí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tí ì rí irú ìyẹn. Ní ìyípo kìn-ín-ní, ó kàn ń lé wọn ni, ẹ̀rín àwọn èèyàn ò tí ì tán. Nígbà tó bá ẹni tó kẹ́yìn tó sì yà á sílẹ̀, ẹ̀rín dúró. Ó ya èkejì, ariwo bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ wa dìde nílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fò sókè, wọ́n ń ké, "Yà á! Yà á sílẹ̀!" gẹ́gẹ́ bí àwọn òṣìṣẹ́ òru ṣe máa ń ṣe. Ìyá Àdúrà ká aṣọ funfun rẹ̀ dé orúnkún, ó ń bá a sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè mi láìnídìí, mò ń sunkún, mò ń rẹ́rìn-ín. Ní kọ́nà tó kẹ́yìn, ó ku ẹni mẹ́rin níwájú rẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹni méjì kọjá bó ṣe gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí ẹni tí àkàrà wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò fẹ́ kó tutù. Ipò kẹta ló ṣe.

Kò wo àmì ẹ̀yẹ, kò wo ẹnikẹ́ni. Ọ̀dọ̀ mi ló wá, ó ń mí gúlegúle, ó ní, "Kóòṣì, ẹ ò sọ pé ìbọn ni." Mo gbá a mọ́ra. Láti orí èjìká rẹ̀ ni mo ti rí bàbá rẹ̀ tó ń bọ̀. Sálúbàtà kan ló wà lẹ́sẹ̀ wọn, iyanrìn lẹ̀ mọ́ iwájú orí wọn, orí wọn sì ṣófo láìsí fìlà. Mo ti ń wá ẹ̀bẹ̀ tí màá bẹ̀. Wọ́n dúró níwájú mi.

"Kóòṣì," wọ́n ní. Títí dọjọ́ yẹn, tíṣà ni wọ́n ń pè mí. "Gbogbo wa la wà nílẹ̀. Èmi tí mo bí i, mo wà nílẹ̀. Ó dìde." Wọ́n gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lórí. "Ó ti yé mi."

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ dé ojú títì, kí fèrè iléeṣẹ́ ike tó dún. Wọ́n gbé páànù irin kan dání, èyí tí wọ́n gé lára bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ àtijọ́, àti òòlù wọn. Wọ́n ní fèrè dára, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ mọ ohùn yẹn, kí wọ́n má tún gbàgbé ara wọn sílẹ̀ mọ́. Wọ́n so páànù náà rọ̀, wọ́n fi òòlù lù ú lẹ́ẹ̀kan, gbàù! Ìdajì wa tún wà nílẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wa, a sì dìde, a tún un ṣe.

Ó ti pẹ́ díẹ̀. Mo ti kúrò ní iléeṣẹ́ ọ̀dà, síkẹ́ẹ̀tì tí mo torí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ eré ò sì pàdé títí di òní. Àdúgbò wa ti rọlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, a kì í sì í gbọ́ ìbọn níbẹ̀ mọ́. Ọmọ aláàkàrà ti di ọmọge, eré rẹ̀ ti gbé e lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tó jìnnà, ó sì mọ aṣọ rán pẹ̀lú, nítorí àbúrò bàbá rẹ̀ ò gbà kí ó lọ lọ́wọ́ òfo. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n padà sún kíkọ́ṣẹ́ náà sí. Bó bá wálé, ó máa ń wá bá wa lójú títì, á dúró sórí ìlà láàárín àwọn ọmọ kéékèèké. Òórùn bísíkíìtì á gba ibẹ̀ kan. Bàbá rẹ̀ tó ti ń hewú á dúró ti páànù wọn, wọ́n á wo ọmọ wọn, wọ́n á wò mí, wọ́n á sì sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ ní gbogbo Sọ́ńdè kí wọ́n tó lù ú: "Ẹ má dojúbolẹ̀ o."

Ẹ̀rín á pa àwọn ọmọ náà. Wọ́n á yíjú sí mi, wọ́n á ní, "Kóòṣì, kí ló dé tí èèyàn á fi dojúbolẹ̀ níbi eré?" Màá kàn nawọ́ sí ìlà ẹfun. Bàbá á gbé òòlù sókè, wọ́n á sì sáré lọ.